Báwo ni mo ṣe lè fi léésà darí ẹ̀lẹ́kítíróònù inú òrùka pírídíìnì?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Gwagwalada níbí, l'Ábùjá, ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí máàsítà mi, n kò sì rí ẹni bi nítòsí.

Bẹ́ńsíìnì kò yọ mí lẹ́nu: kábọ̀nù 6 so pọ̀ bí òrùka, ẹ̀lẹ́kítíróònù páì 6 (àwọn tí kò so mọ́ kábọ̀nù kan ṣoṣo) sì ń rìn káàkiri lórí wọn. Tí léésà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń yí bírípó bá bà á, ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ bá yí sí làwọn náà máa yí sí.

Pírídíìnì ló dá mi lágara. Náítírójìn kan péré tó rọ́pò kábọ̀nù kan nínú òrùka náà ti ba ìdọ́gba rẹ̀ jẹ́, ipele agbára méjì tó yẹ kó dọ́gba ti wá yàtọ̀ síra. Ká ní 0.1 eV (eV jẹ́ ìwọ̀n agbára) ni àlàfo wọn, ìṣàn ẹ̀lẹ́kítíróònù náà á lọ, á tún ṣẹ́rí padà láàárín bíi femtosecond 41 (femtosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá), bí ọlọ́kadà tó rí VIO níwájú.

Ṣé kí n fi léésà kejì pa ìṣàn náà kó tó yí padà ni, àbí ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí n tún ṣe? Octopus, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìrìn ẹ̀lẹ́kítíróònù, ni mo ń lò lórí láptọ́ọ̀pù (iná ò dúró, ẹ máa bá mi kẹ́dùn). Ẹni tó bá ti fi ipele agbára mẹ́ta péré ṣírò rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.