Ìgbẹ́ kọ́ ni ìbílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ka ìtumọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́, ti ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa honeysuckle, ewéko olódòdó tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Lonicera: "Àkọsílẹ̀ ọgbà ewé nípa afámu-oyin ìgbẹ́ inú àkùrọ̀ Òkè Ọya." Ẹ má bínú, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀.

Òkè Ọya kọ́kọ́. Quebec, Manitoba, Michigan, Maine, lápá àríwá Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni honeysuckle inú irà, igi kékeré, ń hù. Ẹni tó bá ka Òkè Ọya, Kánò lọkàn rẹ̀ máa lọ. Àríwá ti tó. Àkùrọ̀ náà, ibi tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ lọ́gbẹlẹ̀ ni. Irà ni tiwọn: omi dúró síbẹ̀, atẹ́gùn kò ráàyè wọlé, ewé tó kú kì í tètè jẹrà.

"Ọgbà ewé" tí ẹ pe herbarium sì rèé: nǹkan tó wà láàyè ló ń gbé inú ọgbà. Ewé tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ páálí, tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó já a, ọjọ́ àti ibi tó ti já a sí, kì í ṣe ọgbà. Irú ilé tí wọ́n ń kó wọn sí bẹ́ẹ̀ wà ní FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí nípa igbó, n'Íbàdàn. Àká ewé ni mo fara mọ́, torí àká la ń kó ohun gbígbẹ sí.

Èyí tó ká mi lára jù ni "ìgbẹ́" (ká má tilẹ̀ dárúkọ ìtumọ̀ kejì tí àwọn ọmọdé máa fi rẹ́rìn-ín). Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú Gẹ̀ẹ́sì, native àti wild. Ẹ fi ẹyọ kan rọ́pò méjèèjì. Honeysuckle ilẹ̀ Japan, tí wọ́n gbé dé Amẹ́ríkà ní 1806, ti sá kúrò lọ́gbà, ó ń hù kiri inú igbó. Kò sẹ́ni tó gbìn ín, síbẹ̀ àlejò ni. Ẹ wo ewé Akíntọ́lá nílé wa: gbogbo oko tí a bá fi sílẹ̀ ló ń gbà, a sì ń fi í dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá. Àgbẹ̀ máa ń ní "ó lalẹ̀ hù". Ká mú alalẹ̀hù fún wild, ká fi ìbílẹ̀ sílẹ̀ fún native.

Afámu-oyin ńkọ́? Omi dídùn ló wà nínú òdòdó náà, kòkòrò oyin ni yóò sọ ọ́ di oyin. Àwọn méjì tó ń gbé irà, Lonicera oblongifolia àti Lonicera villosa, méjì-méjì lòdòdó wọn ń yọ. Ti villosa tún yàtọ̀: òdòdó méjì, èso kan ṣoṣo, aláwọ̀ aró. Ti èkejì pupa. Mo dábàá ìbejì-irà, eléso aró àti eléso pupa. Ẹ lè ní kì í ṣe gbogbo Lonicera ló ń yọ ní méjì. Òótọ́ ni, àmọ́ Lonicera fúnra rẹ̀, orúkọ Adam Lonicer ará Jámánì ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa òdòdó.

Tèmi rèé: "Àkọsílẹ̀ àká ewé nípa ìbejì-irà ìbílẹ̀, alalẹ̀hù, ní àríwá." Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju àká ewé lọ, kó mú un wá. Lórí ìgbẹ́, mi ò ní yẹ̀.