Tíṣà ọmọ mi ò dá mi lóhùn mọ́ nítorí orúkọ tí kò sí lórí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, oorun ò kun ojú mi láti ọjọ́ Ajé. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 ṣe iṣẹ́ ìwádìí fún ìdíje sáyẹ́ǹsì. Ó fi èso móríńgà sọ omi odò tó rú di omi tó mọ́ kedere. Ipò kìíní ló gbà ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, ẹ bá mi yọ̀. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni tíṣà kẹ́mísírì rẹ̀ ti gbójú kúrò lára wa. Mo kí i ní géètì ilé ìwé, ó mi orí lásán, ó kọjá. Èmi tí mo gbé ìrẹsì àti òróró fún un ní Kérésì tó kọjá! Wọ́n wá sọ fún mi pé ó ń sọ láàárín àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé abaramóorejẹ ni wá, pé orúkọ òun ò sí níbì kankan.

Ẹ wò ó, ilé mi ni wọ́n ti gún èso yẹn. Odó mi ni wọ́n lò, asẹ́ ògì mi ni wọ́n fi kù ú, asẹ́ náà ti ya báyìí. Èmi ni mo ra ike. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi àti ọmọ yìí gun ọ̀kadà lọ sódò. Tíṣà ń gba owó oṣù, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́ ọmọ. Ṣé dandan ni kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ ni? Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí wọ́n lọ sí ti ìpínlẹ̀, ọmọ náà ò sì fẹ́ wọ láàbù mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì:
Ẹ kú oríire o. Àwọn tíṣà ìsinsìnyí, ìyìn ni wọ́n ń wá. Ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run.

Tíṣà Àná:
Ìyá Àbíkẹ́yìn, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ owó oṣù yẹn dùn mí. Mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní báólójì. Kò sí ẹni tó ń sanwó ohun tí tíṣà ń ṣe lẹ́yìn aago méjì. Mo ti fi owó ọkọ̀ ara mi ra spírítì fún láàbù. Lọ́dún kan, ọmọ kan tí mo kọ́ gba ẹ̀bùn, ó dìde níwájú gbogbo èèyàn, ó ní mọ́mì òun ní ilé ìwé wà níbẹ̀ yẹn. Títí dòní, bí mo bá rántí, omi a máa bọ́ lójú mi. Ìrẹsì Kérésì kọ́ ni ìyẹn.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leeds:
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Iṣẹ́ omi ni mo ń ṣe níbí, nítorí náà inú mi dùn sí ọmọ yìí gan-an. Ẹ jẹ́ kí n bèèrè: kí ni tíṣà náà ṣe gan-an? Wíwọ̀n ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yẹn. Purotéènì kan wà nínú èso náà tó ní iná mànàmáná pósítífù, ẹrẹ̀ inú omi ní nẹ́gétífù. Wọ́n á fa ara wọn mọ́ra, wọ́n á ṣù, wọ́n á rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ó bá kéré, omi ò ní mọ́. Bí ó bá pọ̀ jù, omi á tún rú padà. Ẹnì kan ní láti kọ́ ọmọ bí yóò ṣe to ike jọ, kó bu ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí wọn, kó sì máa wò wọ́n. Ta lẹni náà?

(Ẹ sọ fún un kó má fi omi náà sílẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Kí wọ́n sì sè é kí wọ́n tó mu ún, mímọ́ lójú kọ́ ni pé kòkòrò ti kú tán.)

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo ìwọ̀n láàbù. Ìyẹn náà ni. Wọ́n tún máa ń dúró lẹ́yìn ilé ìwé, bóyá oṣù méjì. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni wọ́n ti rí i, kò ti orí tíṣà jáde.

Tíṣà Àná:
Oṣù méjì, ẹ sì ń pè é ní "ìyẹn náà ni"?

Alákàrà Ìdí-Ọ̀pẹ:
Èmi ò mọ sáyẹ́ǹsì. Àmọ́ àbúrò mi kọ́ṣẹ́ télọ̀, lọ́jọ́ tó gba fúríìdọ̀mù, wọ́n dárúkọ gbogbo àlejò, wọ́n gbàgbé ìyá tó ń bá a tan iná àdògán láti fi lọṣọ. Obìnrin yẹn ò jẹun lọ́jọ́ náà. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn dìde, ó lọ sílé. Mo ṣì ń rí i lójú mi.

Ọmọ Yunifásítì:
Àwọn ọ̀gá náà ń jẹ ọmọ níyà o. Lọ́dún 1967, Jocelyn Bell, akẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge, ló kọ́kọ́ rí àmì ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní pulsar. Nígbà tí ẹ̀bùn Nobel dé ní 1974, ọ̀gá rẹ̀ Antony Hewish ni wọ́n fún, pẹ̀lú Martin Ryle. Ọmọ ni kí ẹ gbèjà.

Tíṣà Àná:
Ta ló ń jẹ ọmọ yìí níyà? Òun ló gba ipò kìíní. Bí ẹ bá fẹ́ ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu, ẹ lọ wo ti Vivien Thomas. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1944, ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, dókítà Alfred Blalock ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún ọmọ kékeré. Thomas, òṣìṣẹ́ láàbù, aláwọ̀ dúdú, dúró lẹ́yìn rẹ̀ lórí àpótí, ó ń tọ́ ọ sọ́nà, torí òun ló ti dán an wò lára ajá. Ìwé tó ṣàlàyé iṣẹ́ abẹ náà jáde ní 1945 pẹ̀lú orúkọ Blalock àti Helen Taussig, dókítà ọkàn àwọn ọmọdé. Ti Thomas ò sí. Ọdún 1976 ni wọ́n tó fi oyè dókítà dá a lọ́lá. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín.

Bàbá Ìbejì:
Ṣé torí móríńgà la ṣe dé Amẹ́ríkà? Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, mo ti sọ ọ́.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leeds:
Ìdíje kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní ISEF, ìdíje sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ girama káàkiri ayé, wọn ò gbà kí ọmọ lẹ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ mọ́ pátákó tó fi ń ṣàfihàn iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Ẹ ò rí i! Wọn ò gbà á ní Amẹ́ríkà pàápàá. A ò ṣẹ̀ nígbà náà.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leeds:
Rárá mà. Ara pátákó ni mo sọ. ISEF kan náà kì í gba iṣẹ́ tí kò ní àgbàlagbà tó fọwọ́ sí i pé òun ló ń mójú tó o. Tiyín ńkọ́? Ṣé fọ́ọ̀mù yín ní ibi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tó ran ọmọ lọ́wọ́? Kí ni ẹ kọ síbẹ̀?

Alákàrà Ìdí-Ọ̀pẹ:
Màmá, ẹ wà níbẹ̀?

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Mo wà níbẹ̀. Ó ní ibẹ̀, ìlà méjì péré ni. Ọmọ yẹn kọ orúkọ tíṣà rẹ̀ àti ti bàbá tó ń tọ́jú láàbù. Èmi ni mo ní kó gba fọ́ọ̀mù mìíràn. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Houston ló fi owó tí a fi tẹ pátákó ránṣẹ́. Ẹnjiníà ni. Ó ti ṣèlérí pé bí ọmọ bá jáde girama, òun á gbà á sọ́dọ̀. Mo rò pé orúkọ rẹ̀ á jẹ́ kí iṣẹ́ náà níyì, inú òun náà á sì dùn. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni a kọ, pé òun ló tọ́ ọmọ sọ́nà.

Àwọn adájọ́ bi ọmọ náà pé kí ni bùọ̀dá yìí kọ́ ọ. Ó dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Tíṣà wà ní ìjókòó lẹ́yìn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Tíṣà Àná:
Háà. Ìwọ obìnrin yìí.

Ọmọ Yunifásítì:
Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Kì í ṣe tíṣà lẹ ṣẹ̀ nìkan, ẹ fi irọ́ sí ọmọ lẹ́nu.

Alákàrà Ìdí-Ọ̀pẹ:
Ẹ rọra, ó ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ṣé ẹ ti bẹ ọmọ náà?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Leeds:
Mà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "ó yẹ ká dúpẹ́". Ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ lọ bá tíṣà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin àti ilé ìwé kọ̀wé sí àwọn tó ń ṣètò ìdíje kí ti ìpínlẹ̀ tó dé. Kí ọmọ kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe: ẹni tó kọ́ ọ, ẹni tó ṣílẹ̀kùn láàbù, ẹni tó fowó sílẹ̀. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ni odó.

Bàbá Ìbejì:
Kí wọ́n kọ̀wé? Wọn á gba ẹ̀bùn náà padà! Ẹ bẹ tíṣà ní kọ̀rọ̀, ó tán.

Tíṣà Àná:
Bàbá Ìbejì, tí wọ́n bá tún bi í ní ti ìpínlẹ̀ ńkọ́? Ṣé kó tún sunkún ni?

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Àbúrò mi ńkọ́? Bó bá bínú?

Alákàrà Ìdí-Ọ̀pẹ:
Ṣé ó mọ̀ pé ẹ kọ orúkọ òun síbẹ̀?

Ìyá Àbíkẹ́yìn:
Kò mọ̀. Mo pè é lálẹ́ yìí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí móríńgà láti ọdún tí mo ti kúrò nílé, kí ni mo kọ́ ọmọ?" Ó ní kí n yọ orúkọ òun.

Ọmọ ti fún mi ní fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́, kò ya á, inú ìwé kẹ́mísírì rẹ̀ ló fi pamọ́ sí. Ohun tó kọ nìyí: "Tíṣà mi kọ́ mi bí a ṣe ń wọ̀n, ó ní kí n tún un ṣe nígbà tí mo ṣì í. Bàbá láàbù dúró dè mí títí di aago mẹ́fà, kò sì gbowó." Ìlà méjì náà gbà á. Aago méje àárọ̀ ọ̀la, èmi àti ọmọ á wà ní géètì.