Wọ́n ń wa wúrà nínú oko kòkó bàbá wa. Báwo la ṣe máa fi hàn pé àwa la nilẹ̀?

Àkọ́bí Obìnrin:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà ni wá, oko bàbá wa wà lápá Ifẹ̀wàrà. Bàbá jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Ìyàwó méjì ni wọ́n ní, ọmọ méje la jẹ́, èmi ni àkọ́bí, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi pè mí pé kí n máa bọ̀ lóko. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Igi kòkó tí bàbá fi rán mi níwèé ti wà nílẹ̀, gbòǹgbò wọn ń wòkè, èso ṣì wà lára àwọn mìíràn. Ibi tí a ti máa ń sá kòkó ti di kòtò tó jìn ju èèyàn lọ, omi pupa ló kún inú rẹ̀.

Àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní àwọn ní láísẹ́ǹsì láti Àbújá. Wọ́n tún ní ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ti fọwọ́ sí ìwé fún àwọn. Ó gbowó lóòótọ́, kò sì sọ fún ẹnì kankan nínú wa. Ṣé a lè gba wúrà wa padà? Kí la máa fi hàn pé ogún bàbá wa ni? Kò sí C of O (ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀), kò sí sọ̀fé (ìwé àwòrán ilẹ̀).

Lọ́yà Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá. Iṣẹ́ òfin ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó máa dùn yín: wúrà yẹn kì í ṣe tiyín. Abala 44 nínú ìwé òfin ọdún 1999 àti òfin ìwakùsà ọdún 2007 ti fi gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Bí bàbá tiẹ̀ ní C of O, ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí náà nìyẹn. Ìdá 13 nínú 100 owó ohun àlùmọ́ọ́nì táwọn èèyàn máa ń pariwo rẹ̀, ọ̀dọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń lọ, kì í dé ọwọ́ ẹbí.

Ṣùgbọ́n ẹ má mikàn. Ojú ilẹ̀ àti ohun tó hù lórí rẹ̀ ni ogún yín. Òfin 2007 yẹn kan náà ló sọ pé ẹni tó bá gba láísẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ san owó gbà-má-bínú fún onílẹ̀ àti ẹni tó ń dáko níbẹ̀, lórí igi, irè oko àti ilé tó bá bà jẹ́. Ẹni tó bá gba ilẹ̀ láti wà á, owó ilẹ̀ ọdọọdún tún wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má lọ sílé ẹjọ́ lọ sọ pé "wúrà wa ni." Ẹjọ́ tí ẹ máa jẹ̀bi nìyẹn. "Ilẹ̀ wa ni" ni kẹ́ ẹ sọ.

Ìbéèrè mi rèé: ta ló kọ́kọ́ nilẹ̀? Ṣé wọ́n ti pín in fún bàbá yín, àbí ilẹ̀ àjùmọ̀ní ẹbí ló ṣì jẹ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín wà.

Bàbá Àgbẹ̀:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ṣé bàbá bàbá rẹ ń gba ìṣákọ́lẹ̀ ni, àbí òun ló ń san án? Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, kòkó ni tirẹ̀, ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Mo ti rí àwọn ọmọ tó dàgbà sóko, tí wọ́n rò pé ilẹ̀ bàbá àwọn ni, àfìgbà tí onílẹ̀ dé. Ṣèwádìí èyí kó o tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹjọ́.

Àkọ́bí Obìnrin:
Ẹ ṣé gan-an sà. À ń gbà á ni. Bàbá kan tó wá láti apá Ọ̀yọ́ ló ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, garawa epo kan ló máa ń gbé wá lọ́dọọdún. Bàbá mi máa ń kọ ọ́ sínú ìwé: "Mo gba epo garawa kan, ìṣákọ́lẹ̀ 1987." Bàbá yẹn á sì tẹka sí i. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, ikán ti jẹ etí rẹ̀.

Ní ti pípín, bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí bàbá bàbá wa kú, wọ́n pín ilẹ̀ náà sí mẹ́ta: ẹ̀gbọ́n bàbá mi, bàbá mi, àti àbúrò wọn obìnrin. Pèrègún ni wọ́n fi pààlà. Kò sí ìwé kankan. Àbúrò wọn obìnrin yẹn nìkan ló ṣẹ́ kù láyé nínú àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n ti lé ní 80 ọdún.

Lọ́yà Ilé-Ifẹ̀:
Ọlọ́run ló ní kẹ́ ẹ tọ́jú ìwé yẹn! Ẹ fi ike wé e, ẹ ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé rẹ̀, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́dún 1976, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba pé ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn lè gbà fi hàn pé òun nilẹ̀: ìtàn ìran, ìwé ilẹ̀, ìwà onílẹ̀, lílo ilẹ̀ pẹ́ títí, àti níní ilẹ̀ tó fara kan èyí tí wọ́n ń jà sí. Ẹyọ kan péré tó bá fìdí múlẹ̀ ti tó. Ìṣákọ́lẹ̀ tí bàbá ń gbà, ìwà onílẹ̀ pọ́ńbélé ni. Ní ti ìtàn, ẹni tó bá máa jẹ́rìí gbọ́dọ̀ lè sọ ta ló tẹ ilẹ̀ náà dó, báwo ló ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, àti àwọn tó gbà á lọ́wọ́ ara wọn títí dé orí yín. Bí orúkọ kan bá fò láàárín, agbẹjọ́rò ẹnìkejì máa gba ibẹ̀ wọlé.

Pípín láìsí ìwé kò burú lábẹ́ àṣà, bí ẹlẹ́rìí bá wà. Bó bá sì dá adájọ́ lójú pé wọ́n pín in, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín kò lẹ́nu lórí ìpín yín. Ká tiẹ̀ ní wọn kò pín in, ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí kò lè dá ilẹ̀ ẹbí gbé fún èèyàn. Òfo ni ìwé bẹ́ẹ̀. Olórí ẹbí gan-an, bó bá dá a ṣe láìsọ fáwọn àgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, bí ẹ bá tètè pẹjọ́.

Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ẹ̀yin méjèèje lẹ jọ nilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdí igi méjèèjì, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, fọwọ́ sí gbogbo lẹ́tà.

Sáféyọ̀ Òṣogbo:
Ẹ ní kí wọ́n fi láísẹ́ǹsì náà hàn yín. Oríṣiríṣi ló wà. Ti ìwádìí, ọlọ́dún 3, kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti máa wa wúrà tà. Ti ìwakùsà kékeré jẹ́ ọdún 5, ti ńlá jẹ́ ọdún 25. Ẹ wá sáféyọ̀ tó níwèé àṣẹ, kó wọn ìpín yín láti pèrègún dé pèrègún. Ẹ mú nọ́ńbà igun ilẹ̀ yẹn lọ sí ọ́fíìsì Mining Cadastre, níbi tí àkọsílẹ̀ láísẹ́ǹsì ìwakùsà wà. Wọ́n á sọ fún yín bóyá láísẹ́ǹsì kankan wà lórí rẹ̀ àti ẹni tó ni ín. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ibòmíì ni láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń gbé kiri wà fún.

Ìyá Ìbejì:
Àǹtí mi, ẹ ka igi yín lónìí! Òkúta ni wọ́n fọ́ ní tiwa. Ìgbà tí wọ́n máa fi wá ka igi fún gbà-má-bínú, wọ́n ti fi katapílà gbá gbogbo rẹ̀ dànù, wọ́n ní àwọn kò rí igi. Iye tí wọ́n san kò tó owó ilé ìwé ọmọ kan. Ẹ ka èyí tó dúró, ẹ ka èyí tó ṣubú, ẹ ka kùkùté. Ẹ pe àwọn aládùúgbò oko kí wọ́n jókòó tì yín, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kí ọmọdé má sì sún mọ́ kòtò yẹn o, mo bẹ̀ yín.

Ọmọ Ọ̀bọkún ní Houston:
Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí wọra. Ní Texas níbí, ohun abẹ́ ilẹ̀ lè jẹ́ ti èèyàn. Ẹlòmíì lè ta ojú ilẹ̀ kó sì tọ́jú epo abẹ́ rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí bàbá ọ̀rẹ́ mi kú, ọ́fíìsì káńtì ló ti lọ ń tú ìwé, láti orí ẹni àkọ́kọ́ tó nilẹ̀ dé orí bàbá rẹ̀, ó sì mú ẹlẹ́rìí tó mọ ẹbí wọn wá búra pé òun ni àrólé. Ohun tí lọ́yà sọ náà ni: kí orúkọ kankan má fò.

Àkọ́bí Obìnrin:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Alẹ́ àná ni mo dé ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin yẹn. Mo tan fóònù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti orí bàbá bàbá wọn. Wọ́n sọ oúnjẹ tí wọ́n jẹ lọ́jọ́ tí wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n sì dárúkọ ẹni tó gbin pèrègún kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ yìí, èmi àti àwọn àbúrò mi wọ oko. A rí pèrègún mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ẹ̀ka kan lára ẹ̀kẹrin la rí létí kòtò, ó ti ń rúwé lórí ilẹ̀ tí wọ́n kó jáde. A so aṣọ pupa mọ́ ọn. Sáféyọ̀ ń bọ̀ ní Sátidé.