Ẹ̀rọ tí ń wọ́ ẹsẹ̀ tí wọ́n ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n: ta ló ti rà á rí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyá mi, ẹni ọdún 71, rí ìpolówó ẹ̀rọ kan lórí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí wọ́n ní ó ń wọ́ ẹsẹ̀ fúnni tí ó sì ń mú un gbóná, wọ́n sì ní kí n bá àwọn rà á. Wọn kì í sábà béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, nítorí náà ó ṣòro fún mi láti kọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àtọ̀gbẹ, ẹsẹ̀ wọn kì í sì í mọ ìgbóná lára bíi ti tẹ́lẹ̀; mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá wà nípò yìí lè jóná láìmọ̀, kí egbò kékeré sì di èyí tí kò ní tètè jinná. Olùpolówó kò mẹ́nu kan èyí rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bóyá iná 240 volt tiwa ni ẹ̀rọ náà ń lò tàbí 120 ti Amẹ́ríkà.

N óò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ra irú rẹ̀ ní Iléṣà tàbí Ifẹ̀, ǹjẹ́ a lè pa ìgbóná rẹ̀ kí ó máa wọ́ ẹsẹ̀ nìkan? Ṣé ẹni tó gbé e wá gbà kí ẹ tàn án wò kí ẹ tó sanwó?