Ìdààmú Àmì Sátẹ́láìtì tí Ń Fi Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Ṣáájú Àná

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni gbígba àmì rédíò sátẹ́láìtì GPS sílẹ̀ lálaalẹ́ àti yíya àwọn ìdààmú inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Ilẹ̀ wa sún mọ́ ìlà agbedeméjì òòfà ayé, nítorí náà, bí oòrùn bá ti wọ̀, àwọn ihò ńláńlá tí elẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ṣọ̀wọ́n máa ń ru gòkè láti ìsàlẹ̀ ionosphere, ìyẹn ìpele òkè òfuurufú tí elẹ́kítírọ́ọ̀nù pọ̀ sí, àmì tí ó bá sì gba àárín wọn kọjá a máa ṣẹ́jú bí ìràwọ̀. Ẹ̀rọ wa ń wọn agbára àmì nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń fi iye kan tí à ń pè ní S4 sọ bí agbára náà ti yà kúrò ní ìwọ̀n àárín rẹ̀ tó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò tó 0.3, fẹ́ẹ́rẹ́ ni a kọ sí i, láti 0.3 dé 0.6, ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, èyí tí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, líle.

Ní oṣù keje ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìdààmú kì í sábà pọ̀ lọ́dọ̀ wa, mo rí S4 tí ó kọjá 0.5 lórí sátẹ́láìtì kan ṣoṣo tí kò ga púpọ̀ lójú ọ̀run. Ó tún wá lálẹ́ kejì àti lálẹ́ kẹta. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sí ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, mo sì rò pé mo ti rí ohun tuntun. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni ọ̀gá mi wo ìwé náà, tí wọ́n sì bi mí pé: “Ṣé o ti to àwọn àkókò wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn?” Mo ní, “Rárá, mà.” Bí mo ti tò wọ́n báyìí, 8:47, 8:43, 8:39, títí dé 8:15, ni ó yé mi. Sátẹ́láìtì GPS ni ó ń padà sí ojú ibi tí ó wà lánàá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú. Ionosphere kò mọ irú aago bẹ́ẹ̀; ohun kan tí ó dúró lójú kan nítòsí eríálì wa ni ó ní láti jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun orí òrùlé. Wọ́n ti gbé táńkì omi tuntun kalẹ̀ sórí irin, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ sí eríálì wa, irin náà ṣì ń dán. Àmì kan náà ń dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀mejì, tààrà àti èyí tí ó gbá irin padà, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà kan, wọ́n sì ń pa ara wọn nígbà mìíràn.

Ìdààmú ti ionosphere gan-an a máa rìn: lálẹ́, àwọn ihò náà ń ṣí lọ sí ìlà-oòrùn, nítorí náà sátẹ́láìtì tí ó wà níhà ìwọ̀-oòrùn ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mì, kí ti ìlà-oòrùn tó tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà, n kì í ya àmì sátẹ́láìtì tí kò bá ga tó dígírí 30 sí ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé sọ́tọ̀ mọ́. N kò pa ìlà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán náà rẹ́ nínú ìwé wa. Mo kọ “irin táńkì” sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.