"Ooru ń mú mi" kì í ṣe "ara mi ń gbóná"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ń palẹ̀ mọ́ ti mú àbá wọn wá. Wọ́n pe hot flush (ooru tó ń ṣàdédé bo obìnrin) ní "ìgbóná ara", wọ́n pe perimenopause (ìgbà ìyípadà ṣáájú kí nǹkan oṣù tó dúró pátápátá) ní "ìdádúró nǹkan oṣù", wọ́n sì pe hormone ní "omi ara". Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó wọ ìwé.

Bí Yorùbá bá ní ara òun ń gbóná, ibà ló ń sọ. Ìyá á fọwọ́ kan ọrùn ọmọ, á ní "ara rẹ̀ mà gbóná o", ó di ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì. "Ìgbóná" nìkan tilẹ̀ tún jẹ́ orúkọ Ṣọ̀pọ̀nná lẹ́nu àwọn àgbà. Àǹtí mi tó ń ta aṣọ òkè n'Ìṣẹ́yìn a máa jí ní ìdájí, nínú ọyẹ́, ìró tí wọ́n fi bora á ti rin gbindin fún òógùn. Ooru ọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ láti àyà, á gba ọrùn gun ojú, ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti lọ, òtútù á wá máa mú wọn. Wọ́n á ní "ibà mi tún ti dé", wọ́n á gbé oògùn ibà mì. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò sí kòkòrò ibà kankan níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ tẹmómítà kò ní fi ibà hàn lára ẹni tí irú ooru yìí bá mú. Ibi tó ń ṣọ́ ooru ara nínú ọpọlọ ni kì í gba ìyípadà kékeré mọ́ bí ẹ́sítírójìn, ọ̀kan nínú àwọn hormone obìnrin, bá ń lọ sílẹ̀. Kíá ló ń lé ooru jáde sí awọ ara, tí òógùn á bo èèyàn. "Ooru ń mú mi" ni Yorùbá ti ń wí fún irú rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ẹ jẹ́ ká kọ "ooru òjijì".

Ọ̀rọ̀ kejì, perimenopause, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníṣègùn kì í sọ pé nǹkan oṣù ti dúró àfi tí obìnrin bá lo oṣù 12 gbáko láì rí i, láàárín ọdún 45 sí 55 fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Ìyípadà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún bíi mélòó kan ṣáájú. Bí a bá sọ ìyípadà yìí àti ìdádúró gan-an ní orúkọ kan, ẹni ọdún 46 tí kò rí i fún oṣù mẹ́ta á gbà pé ó parí, oyún á sì wọlé. Ẹni tó sì rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan á ní oṣù òun ló padà dé, nígbà tó yẹ kó ti dé ọ̀dọ̀ dókítà. Àwọn obìnrin fúnra wọn ń sọ pé "ó ń ṣe ségesège". Mo dábàá "ségesège ìṣáájú ìdádúró". Lóòótọ́, oṣù ọmọge náà lè ṣe ségesège, ìdí nìyẹn tí mo fi so "ìṣáájú ìdádúró" mọ́ ọn.

Ẹni tó dábàá pé ká pe ìdádúró nǹkan oṣù ní "òpin obìnrin", mi ò fara mọ́ ọn rárá.

"Omi ara" á jẹ́ kí òǹkàwé ro òógùn tàbí omi ojú ara. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní hòmóònù. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ṣàlàyé lẹ́ẹ̀kan pé òjíṣẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ìtọ́jú tí wọ́n fi ń fún obìnrin ní hòmóònù náà, "ìfikún hòmóònù" ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ "ìpààrọ̀", nítorí ẹnikẹ́ni kò yọ ti àtijọ́ kúrò. Kí ìwé náà sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà kò gbọdọ̀ gba ẹ́sítírójìn nìkan. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi projẹ́sítírójìn, hòmóònù obìnrin mìíràn, kún un, kí awọ inú ilé ọmọ má baà nípọn títí tó fi lè di jẹjẹrẹ.

Ẹ̀yin tó wà ní Èkìtì àti Kétu, ẹ bá wa bi àwọn ìyá yín ohun tí wọ́n ń pe ooru yìí, kí ẹ kọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe pè é, kí ìwé tó lọ sílé ìtẹ̀wé.