Ọyẹ́ àti ìjì eléruku: kí lojú yín rí?

Ìyá Sàlámì, Ọjà Ọba: Mo fọ aṣọ funfun tí bàálé mi fẹ́ wọ̀ lọ sí Jímọ̀. Kí n tó ro àmàlà tán, ó ti pọ́n. Ṣé èmi nìkan ni?

Ọmọ Ọ̀fà: Mọ̀mí, ẹ sá funfun nínú ọyẹ́!

Aláfẹ́fẹ́: Èmi sùn sí pápákọ̀ òfurufú lọ́dún kan. Wọ́n ní àwọn ò rí ilẹ̀.

Alfa Káírò: Ìyẹn kéré. Íjíbítì ni mo ti kàwé. Lóṣù kẹrin kan, ojú ọ̀run pọ́n bí gàrí elépo. Gbogbo ará àdúgbò ń ti fèrèsé, èmi ọmọ Ìlọrin ní ọyẹ́ lásán ni, mo bọ́ síta tèmi ti jálàbíà. Háà! Afẹ́fẹ́ gbóná bí ìgbà téèyàn ṣí ìdérí ìkòkò. Iyanrìn ń dún kẹrẹkẹrẹ láàrin eyín mi. Bàbá oníbúrẹ́dì kan ló fà mí wọlé, ó ní khamsin ni. Ẹni tó gbọ́ Lárúbáwá mọ̀ pé àádọ́ta nìyẹn: wọ́n ní nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́ ló fi ń wá, tó ń lọ.

Oníkajú Ajáṣẹ́: Gbóná kẹ̀? Òtútù ni tiwa ń mú wá. Ṣebí aṣálẹ̀ kan náà ni?

Alfa Káírò: Sahara kan náà ni, ẹ̀gbọ́n. Àsìkò ló yàtọ̀. Tiwọn ń jà lẹ́yìn oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ ti ń gbóná. Ọyẹ́ ń jà nígbà tí aṣálẹ̀ fúnra rẹ̀ tutù lóru. Bodélé ní Chad, níbi tí adágún ńlá kan gbẹ sí, ni púpọ̀ nínú eruku wa ti ń wá.

Ọmọ Ọ̀fà: Kí àwọn ará Chad wá fọ aṣọ Mọ̀mí.

Oníkajú Ajáṣẹ́: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan finá sí igbó nítorí òkété, koríko ti gbẹ bí ìṣáná, ogójì igi kajú mi ló bá a lọ. Wọ́n ti yọ òdòdó!

Ìyá Sàlámì, Ọjà Ọba: Ẹ kú àdánù o. Ta ni?

Oníkajú Ajáṣẹ́: Àna mi ni. Ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ̀rín ti bẹ́ mi lẹ́tẹ̀. Kí ni kí n fi pa á?

Ìyá Sàlámì, Ọjà Ọba: Òrí.

Ọmọ Ọ̀fà: Ó ń rùn, Mọ̀mí.

Aláfẹ́fẹ́: Ọmọ Kwara wo ló ń sọ pé òrí ń rùn?

Ìyá Sàlámì, Ọjà Ọba: Fi í sílẹ̀. Kó po àdí àgbọn mọ́ ọn.